Àkájà Jẹ̀mílátù ní Ọ̀sà Bè

Ọmọ etí ọ̀sà ni Jẹ̀mílátù. Ní Àjáṣẹ́ tí wọ́n ti bí i, omi a máa wọ ẹ̀yìnkùlé wá kí ènìyàn nígbà òjò, ọmọbìnrin a sì mọ ọkọ̀ wà kí ó tó mọ ọbẹ̀ sè. Nígbà tí Yísà ọkọ rẹ̀ mú un wá sí Lómè, àwọn Jámánì ti lọ, àwọn Faransé ti gba ìlú, iṣẹ́ sì wà létí òkun fún ẹni tí ó bá lè gbé ẹrù. Ohun tí Jẹ̀mílátù kọ́kọ́ bi ọkọ rẹ̀ ni pé, "Omi wọn dà?"

Yísà na ọwọ́ sí òkun.

Jẹ̀mílátù mi orí. "Èyí kì í ṣe omi, ìjà ni. Omi tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀ ni mo ń béèrè."

Yísà rẹ́rìn-ín títí. Ní ọjọ́ kejì ó mú un lọ sí ọ̀sà tí ó wà lẹ́yìn ìlú, lápá Bè, níbi tí omi ti dákẹ́ láàárín koríko, tí àwọn ẹyẹ funfun ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ọjọ́ náà ni ọkàn Jẹ̀mílátù tó balẹ̀ sí Lómè.

Àlejò ni wọ́n, wọ́n sì mọ ara wọn ní àlejò. Yísà kò ti ọkọ̀ bọ omi kí ó tó gbé àkùkọ méjì lọ kí àgbàlagbà tí àwọn ará Bè fi ṣe olùṣọ́ ọ̀sà wọn. Amúzù ni orúkọ bàbá náà, ṣùgbọ́n Tógbé, bàbá àgbà, ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Tógbé wò wọ́n pẹ́, ó sì fún wọn ní àyè kan tí kò fẹ̀ ju àgbàlá ilé kan lọ, kí wọ́n kọ́ àkájà wọn síbẹ̀.

Àkájà ni ilé tí apẹja ń kọ́ fún ẹja. Wọn a gé ẹ̀ka igi, wọn a rì í mọ́ ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi dà bí igbó kékeré lábẹ́ omi. Ẹja a wọ inú rẹ̀, a rí òjìji, a rí oúnjẹ, a sì yé ẹyin sí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn igi, ni ọkọ̀ lè gbà wọlé, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò fi imú ọkọ̀ gún igi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Tógbé sọ òfin omi náà fún wọn kí wọ́n tó rì igi kìíní. Bí òjò bá ti sọ omi di pupa, wọn yóò so màrìwò mọ́ ọ̀pá àkájà, ìwọ̀ tàbí àwọ̀n kankan kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́ títí Tógbé fúnra rẹ̀ yóò fi já màrìwò náà, nítorí pé ìgbà náà ni ẹja wà lórí ìkúnlẹ̀. Àlejò tí ó bá rú òfin yìí, kò ní omi mọ́ ní Bè. Èkejì, àkájà kì í wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà rẹ̀: ẹni tí ó ni ín, àti ọwọ́ kejì tí ó bá yàn.

"Bí onílé bá kú, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún ẹja?" ni Tógbé wí. "Bí ẹjọ́ bá sì dé, ọwọ́ kejì la ó bi. Onílé lè purọ́ nítorí ikùn rẹ̀. Ọwọ́ kejì kò ní ikùn níbẹ̀."

Yísà ni onílé, Jẹ̀mílátù ni ọwọ́ kejì. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń rì igi, tí wọ́n ń pààrọ̀ èyí tí ó bá jẹrà. Wọn kò bímọ. Nígbà ọyẹ́ kan, ibà gbé Yísà dè, ní ọjọ́ kẹta ó lọ. Ibà náà ba àwọn aládùúgbò lẹ́rù, kò sẹ́ni tí ó fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Élise nìkan ló wá.

Ọmọ Àjáṣẹ́ ni Élise pẹ̀lú, ọmọ ìjọ Àgùdà tí ó ka ìwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn fadá, tí ó sì gbọ́ Faransé. Aṣọ ló ń fọ̀ nílé òyìnbó. Ó di gbogbo aṣọ olóògbé náà ní ẹrù, ó rù wọ́n lọ sódò, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn, ó ká wọn wá. Ogójì ọjọ́ gbáko ló fi ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún Jẹ̀mílátù láràárọ̀, tí yóò jókòó tì í títí yóò fi mu ún tán. Nítorí náà, nígbà tí Jẹ̀mílátù di onílé àkájà, tí Mùkáílà, ìbátan Yísà, wá sọ pé òun ni ó tọ́ kí ó di ọwọ́ kejì, Jẹ̀mílátù dá a lóhùn pé, "Nígbà tí aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ ń rùn nílẹ̀, ibo lo wà?" Élise ló gbé sínú ọkọ̀. Ó fi hàn án: igi kìíní yóò wà lọ́wọ́ òsì, kí o fi ẹnu àjẹ̀ ti ẹ̀ka ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o yí kí o tó kan igi ẹlẹ́ka méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Élise tún un ṣe kí ó tó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òyìnbó tí Élise ń fọṣọ fún ni Mùsé Gáníyé, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Mùsé ni àwọn Faransé ń pe ọ̀gbẹ́ni. Èyí, ní tirẹ̀, ẹja pípa ni eré rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi a máa dé etí ọ̀sà pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, a dúró sínú oòrùn, kò sì ní rí nǹkan kan mú. Lọ́jọ́ kan Jẹ̀mílátù ń kó edé nítòsí rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ rẹ̀, òyìnbó wọlé. Ó wà á lọ sí ibi tí omi jìn, ó fi edé ààyè sí ìwọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, obòkún méjì ti ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú ọkọ̀.

Báyìí ni ó di atukọ̀ òyìnbó. Kò sí àmì lórí omi, ṣùgbọ́n àmì wà lórí ilẹ̀. Bí ilé gogoro méjèèjì orí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà bá di ẹyọ kan lójú rẹ̀, tí ó wo ẹ̀yìn tí ó rí igi àgbọn wíwọ́ lórí òrùlé ilé kan báyìí, ó mọ̀ pé ihò jíjìn kan wà lábẹ́ òun, yóò sì rọra ki ọ̀pá bọlẹ̀. Àwọn òyìnbó mìíràn gbọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí wá ọlọ́kọ̀. Fàsásì, apẹja ẹlẹ́nu gbọ̀nrangandan kan láti Kétu, náà mú òyìnbó tirẹ̀. Ohun tí ó ń pa àwọn ọlọ́kọ̀ lẹ́rìn-ín jù ni pé Mùsé Gáníyé a máa yọ ẹja kékeré lẹ́nu ìwọ̀, a wò ó, a sì jù ú padà sómi.

"Èèyàn á jí láàárọ̀, á wọ bàtà, á wá ẹja títí," ni Fàsásì máa ń wí létí èbúté, "á rí i tán, á wá ní kó máa lọ sílé! Ṣé ẹja ló ń wá ni, àbí ó kàn wá kí i?"

Gbogbo èbúté a rẹ́rìn-ín. Jẹ̀mílátù náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní inú rẹ̀, ó fẹ́ràn ìwà náà. Ẹni tí ó bá lè jẹ́ kí ọmọ ẹja lọ, a jẹ́ pé ó mọ nǹkan kan nípa omi. Bẹ́ẹ̀ ló rò.

Ní ọdún 1937, àwọn òyìnbó ṣètò ìdíje fún ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje, ọjọ́ ọdún àwọn Faransé. Wọn yóò pẹja lórí ọ̀sà láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí agogo ọ̀sán ṣọ́ọ̀ṣì yóò fi lù. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá tóbi jù ni yóò gba ife fàdákà.

Élise wá bá Jẹ̀mílátù nílé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. "Ẹ̀gbọ́n mi, mùsé fẹ́ ife yẹn bí ọmọdé ti ń fẹ́ àádùn. Ó ní tí ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ sí i, òun á bá àwọn obìnrin ìjọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba Bọ́láńlé sí ilé ìwé wọn. Wọ́n ti lé e padà lẹ́ẹ̀mejì pé àyè kò sí."

Ọmọ́bọ́láńlé ni ọmọ kan ṣoṣo tí Élise bí. Jẹ̀mílátù ló gbẹ̀bí rẹ̀.

"Á gba ife," ni Jẹ̀mílátù wí. "Mo mọ ihò mẹ́ta tí ọwọ́ kan kò tíì dé láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀."

Élise dìde, ó tún yíjú padà. "Obòkún ńlá ńkọ́, àwọn tó wà nínú àkájà?"

"Àwọn yẹn ń bímọ."

"Mo kàn ń béèrè ni, Ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkọ̀ mẹ́fà ló jáde. Àwọn tí ń fun fèrè wà létí omi, àwọn ìyàwó òyìnbó gbé agboorùn dání. Jẹ̀mílátù jókòó nídìí ọkọ̀, Mùsé Gáníyé wà níwájú, Élise wà láàárín kí ó lè máa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n lọ sí ihò kìíní, epìyà wẹ́wẹ́ ni wọ́n rí. Wọ́n lọ sí èkejì, nǹkan ńlá kan gbé ìwọ̀, ó já okùn lọ. Ní ihò kẹta, omi dákẹ́ bí ẹni pé kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀. Ọkọ̀ Fàsásì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àrọ̀ kan tí ó gùn tó apá àgbàlagbà nà gbọọrọ nínú rẹ̀.

"Jẹ̀mílátù o!" ni Fàsásì ké. "Ṣé òyìnbó tìrẹ ti dá gbogbo tiẹ̀ padà sómi ni?"

"Lo ẹnu yẹn fi gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ, Fàsásì, ó ti fẹ́ rì!"

Oòrùn gòkè. Ọrùn Mùsé Gáníyé pọ́n bí ata. Ó yíjú sẹ́yìn, ó bá Élise sọ̀rọ̀ díẹ̀, Élise sì dá a lóhùn púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń yà sí òsì, ó ń yà sí ọ̀tún. Jẹ̀mílátù wo ọwọ́ náà. Kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà tí ọwọ́ yẹn ń yà.

"Kí lo ń sọ fún un?"

Élise kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹja kan péré."

"Ibẹ̀ wo?"

"Ẹ mọ ibẹ̀ tí mò ń wí."

Jẹ̀mílátù yọ àjẹ̀ nínú omi, ó fi lé orí orúnkún rẹ̀. "Màrìwò wà lórí rẹ̀. Ṣé o ò rí i ni, àbí ọṣẹ ìfọṣọ ti wọ̀ ọ́ lójú?"

"Mo rí i."

"Ó dáa. Sọ fún un pé mi ò lọ. Sọ fún un pé ilé aboyún ni."

Élise yíjú sí òyìnbó, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣókí. Kò gùn tó ohun tí Jẹ̀mílátù wí. Mùsé Gáníyé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ìka sí àjẹ̀ kejì tí ó wà nílẹ̀ ọkọ̀. Élise bẹ̀rẹ̀, ó mú un.

Títí Jẹ̀mílátù fi di arúgbó, kò lè ṣàlàyé bí ọkàn òun ti rí nígbà náà. Ó rò pé Élise ń ṣe eré ni. Ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wo bí èjìká rẹ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ó ń retí pé yóò yíjú padà kí ó rẹ́rìn-ín. Igi kìíní kọjá lọ́wọ́ òsì. Élise fi ẹnu àjẹ̀ ti ẹ̀ka ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ó yí imú ọkọ̀ kí ó tó kan igi ẹlẹ́ka méjì, gẹ́gẹ́ bí Jẹ̀mílátù ti kọ́ ọ, Jẹ̀mílátù kígbe, ó na ọwọ́ di ẹ̀ka kan mú láti fi dá ọkọ̀ dúró. Igi tí Yísà rì fúnra rẹ̀ ni. Ó ti gbó. Ó kán sí i lọ́wọ́, ọkọ̀ sì ń lọ.

Kò pẹ́ rárá. Ìwọ̀ kò tíì rì tán tí ọ̀pá òyìnbó fi tẹ̀ kọdọrọ. Wọ́n jìjàkadì, omi ta sí wọn lára, òyìnbó ń pariwo bí ọmọdé. Obòkún tí ó fà sínú ọkọ̀ nípọn bí itan ọmọ ọdún márùn-ún, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ó ń mí kanlẹ̀. Jẹ̀mílátù wo Mùsé Gáníyé. Ó ń dúró kí ó jù ú padà.

Kò jù ú padà. Agogo ọ̀sán lù.

Létí èbúté, fèrè dún, wọ́n gbé ife fàdákà lé òyìnbó lọ́wọ́. Ó bọ Jẹ̀mílátù lọ́wọ́, ó ní kí ó dúró ti òun kí wọ́n ya àwòrán wọn, atukọ̀ àti ọ̀gá rẹ̀, pẹ̀lú ẹja náà láàárín. Lẹ́yìn náà ó fi ẹja ta àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́rẹ. Obìnrin kan la ikùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹyin pupa rúsúrúsú sì tú jáde sórí ewé, ó kún igbá kan. Gbogbo ojú yí sí Tógbé Amúzù tí ó jókòó lábẹ́ igi. Bàbá náà dìde, ó wá wo ẹyin, ó lọ wo inú ọkọ̀ Jẹ̀mílátù. Ẹ̀ka tí ó kán wà níbẹ̀, ibi tí ó ti kán ṣì funfun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àgbà péjọ sí àgbàlá Tógbé. Fàsásì jẹ́rìí pé òun rí ọkọ̀ náà nínú àkájà láti òkèèrè, pé Jẹ̀mílátù ló wà nídìí rẹ̀. Kò fi èké kún un. Ohun tí ó rí ló sọ.

"Èmi kọ́ ni mo wà á wọ ibẹ̀," ni Jẹ̀mílátù wí. "Mo gbé àjẹ̀ mi lé orúnkún. Ẹ bi ọwọ́ kejì."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí ó wí bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ojú omi ni ìtìjú náà parí sí. Ẹni tí ó fọ aṣọ Yísà lè ṣe àṣìṣe nítorí ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè dúró níwájú àgbà kó purọ́ mọ́ òun.

"Ọwọ́ kejì," ni Tógbé wí, "sọ̀rọ̀."

Élise fi etí aṣọ rẹ̀ wé ìka. "Òun ló wà wá wọ ibẹ̀, Tógbé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ."

Jẹ̀mílátù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ ọ́ nípa rẹ̀.

"Élise. Wò mí kí o tún un sọ."

Élise tún un sọ. Ilẹ̀ ló ń wò.

Tógbé kò pariwo. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun pàápàá. Ó ní kí wọ́n fa àkájà náà tu láàárín ọjọ́ méje. Ó ní ẹsẹ̀ Jẹ̀mílátù lè wọ omi Bè, ó lè bù ú mu, ṣùgbọ́n àjẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Ọwọ́ méjì ló mọ ọ̀nà, ọwọ́ méjì ni yóò sì tú u.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Mùsé Gáníyé wá sí èbúté pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó dúró pẹ́, ó ń wo aago, ó ń wo ọ̀nà ilé Jẹ̀mílátù. Ó jọ pé kò sẹ́ni tí ó sọ nǹkan kan fún un. Nígbà tí oòrùn mú, ó wọ ọkọ̀ Fàsásì.

Ní ọjọ́ keje, Jẹ̀mílátù àti Élise wọ ọ̀sà. Wọ́n fa igi láti àárọ̀. Ọ̀kan a di orí mú, èkejì a di ìdí, wọn a mì í títí ẹrẹ̀ yóò fi tú u sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń tú u ni ẹja ń sá jáde kọjá lábẹ́ ọkọ̀, ńlá àti kékeré, lọ sí gbangba omi níbi tí àwọ̀n gbogbo ènìyàn wà.

Élise fi igi tí ó dì mú sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ǹ bá ṣe? Tí mo bá ní èmi ni, wọ́n á gbé e dé etí mùsé. Á ní mo dójú ti òun. Wọ́n ti gba Bọ́láńlé. Oṣù kẹwàá ló máa wọlé."

"Ó dáa kí ọmọ kàwé."

"Ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí."

Jẹ̀mílátù nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. "Lọ́jọ́ tí mo fi ọ̀nà yìí hàn ọ́, ṣé o ti mọ̀ pé o lè ṣe é?"

"Rárá! Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ìbá sàn kí o ti mọ̀. Ǹ bá ti rí i lójú rẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ igi tí ó kàn. "Di ìdí rẹ̀ mú."

Jẹ̀mílátù kò fi Lómè sílẹ̀. Ó ta ọkọ̀ rẹ̀ fún Fàsásì, ó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tí omi ṣì jẹ́ tiwọn, ó ń yan án lẹ́yìn ilé. Láràárọ̀ ni Bọ́láńlé ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé tí a lọ̀ dáadáa. Ọmọ náà a kúnlẹ̀ kí i, Jẹ̀mílátù a sì dá a lóhùn, a bi í bóyá ó ti jẹun, nígbà mìíràn a fi ẹja gbígbẹ kan sí i lọ́wọ́, nítorí pé ọmọ kò mọ nǹkan kan.

"Màmá mi ní kí n kí yín, mà."

"Mo gbọ́," ni Jẹ̀mílátù máa ń wí.

Ọmọ náà a dúró díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ nílé, kí ó lè gbé èsì ìkíni náà padà fún ìyá rẹ̀. Jẹ̀mílátù a yí ẹja orí iná padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí ó bá yá, ọmọ náà a gbé àpò rẹ̀, a máa bá tirẹ̀ lọ.